Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́ Ìjókòó Ọkọ̀ Dúdú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe iwin ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí, kì í sì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ. Ọkọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ọkọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Títí di òní, bí mo bá rí ọkọ̀ gígùn àtijọ́ tó ń dán lójú títì, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ tutù kí n tó rántí pé èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Múṣín lè máa rántí ọ̀gbàrá òjò àti ariwo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Iyanrìn ni èmi ń rántí, àti ooru, àti òórùn búrẹ́dì. Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni bàbá mi ti ń ṣòwò láàrin àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́njú sí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí ní àdúgbò Rolla là ń gbé: bàbá mi, màmá mi, èmi Yétúndé, àti àbúrò mi Kàmálì tí kò tíì lè dá wọ ṣòkòtò. Àwọn ará Íńdíà ló wà lókè wa, àwọn ará Íjíbítì ló wà nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iṣẹ́ mi ni láti gbá iyanrìn kúrò ní bákónì. Mo lè gbá a tán láàárọ̀, kí n tó ti ilé ìwé dé, iyanrìn á ti tún jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Iṣẹ́ mi kejì ni láti máa da omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a gbé sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Bí mo bá gbàgbé tí omi náà kún ya sílẹ̀, màmá mi á ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n fi ìka kan tọ́lẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Àwọn ọmọ Íńdíà tó bá wá pè mí fún eré á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò mí jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé irú àdúrà kan là ń ṣe.

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní khubz ni mo máa ń sáré lọ rà lọ́dọ̀ àwọn ará Afugánísítánì tí ààrò wọn wà lẹ́yìn ilé wa. Ó máa ń gbóná débi pé mo ń jù ú láti ọwọ́ kan sí ìkejì títí n ó fi délé, màmá mi á sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kalẹ̀ fún wa. Gaàrí ní tirẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ àfiṣeré. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó ló ń gbé e wá, inú àpótí aṣọ màmá mi ló sì ń gbé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, gbogbo ọmọ ilé á gòkè lọ sórí òrùlé pẹrẹsẹ. Mo kọ́ wọn ní tẹ́ńtẹ́ń, àwọn náà kọ́ mi ní Híńdì. Ilé ìwé fún mi ní Lárúbáwá. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹnu àwọn òbí mi nínú ọjà, nítorí èdè Híńdì bàbá mi kò kọjá "kitna", ìyẹn èló, àti "bahut zyada", ìyẹn ó ti pọ̀ jù.

Ohun tí kò sí nílé wa ni fídíò. Ọ̀rẹ́ mi lókè ní tirẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń wo fíìmù Íńdíà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n màmá mi kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá ń wo ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ìbọn á máa dún sí i lójú oorun. Nítorí náà mo mọ orin inú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn dáadáa, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kó máa ra ọkọ̀ àlòkù ní Abu Shagara, kó sì máa fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹni tó bá mọ òwò náà mọ̀ pé mọ́tò kì í re Èkó lófìfo. A ó di ẹrù kún bọ́ọ̀tù, a ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, a ó di ẹrù sábẹ́ rẹ̀, a ó sì tún wá ihò inú ilẹ̀kùn, a ó ti nǹkan bọ̀ ọ́. Màmá mi ló ń ra ẹrù tí a ń dì, gèlè, bàtà, ṣíbí, aago ọwọ́. Àwọn obìnrin oníṣòwò láti Èkó, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, máa ń wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Al Rigga ní Dubai, màmá mi á mú wọn kiri gbogbo ọjà Deira, èmi á sì máa tẹ̀lé wọn bíi pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Níbi ká di ẹrù, ọ̀gá ni mí. Ọwọ́ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ ibi tí ọwọ́ àgbà kò lè wọ̀. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun kò ní máa bọ́ mi yó jù, kí ọwọ́ náà má bàa tóbi.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni olóyè kan ní Èkó bẹ bàbá mi níṣẹ́. Ó ní òun ń fẹ́ irú ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn gómìnà òyìnbó ń gùn láyé ọjọ́un, kí òun fi lọ síbi ìwúyè òun. Bàbá mi wá a kiri títí kó tó rí ọ̀kan lọ́dọ̀ ará Pakísítánì kan tó ń ta ọkọ̀ ní Abu Shagara, Yusuf bhai, ìyẹn bọ̀dá Yusuf, la máa ń pè é. Ọjọ́ tí bàbá mi wà á wọ àgbàlá tí a háyà fún ọkọ̀ wa, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nítòsí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dúdú, ó gùn, imú rẹ̀ ga, fàdákà sì yí iná iwájú rẹ̀ ká. Inú rẹ̀ ń run awọ àti tùràrí. Pákó dídán ni wọ́n fi ṣe ibi tí àwọn aago rẹ̀ wà. Bàbá mi ní, "Yétúndé, ọkọ̀ yìí ju èmi bàbá ẹ lọ lọ́jọ́ orí. Máa kí i kó o tó wọ̀ ọ́." Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àlàájì Lásísì, tó jẹ́ àgbà láàrin àwọn oníṣòwò wa, ló ka Fátíhà sí i, a sì ṣe àmín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, èmi àti màmá mi lọ di ẹrù sínú rẹ̀. Bàbá mi ti lọ sí ibùdókọ̀ ojú omi. Màmá mi tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé e dúró, mo sì rá wọlẹ̀ pẹ̀lú àpò ìdì gèlè lápá. Awọ òkè ìjókòó náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa ni. Ó ti rin gbogbo irun ẹṣin tí wọ́n fi dí ìjókòó náà, ó ti ṣàn kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ, ó dì, àwọn èèrà tó ti kú sì lẹ̀ mọ́ ọn. N kò tíì mọ ohun tí mo ń wò. Mo na ọwọ́ bọ inú ilẹ̀kùn láti wá àyè fún àwọn aago, ìka mi sì kan ihò róbótó kan, ó kan òmíràn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti fi nǹkan líle dí wọn láti ìta kí ọ̀dà tó gorí rẹ̀. Nísàlẹ̀ ihò náà ni mo ti rí nǹkan bàbà kékeré kan tó ṣófo nínú. Mo mú un jáde, mo fi han màmá mi, mo bi í bóyá ìdérí ìgò tìróò ni.

Màmá mi kò pariwo. Ó gba bàbà náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó ní, "Èèpo ọta ìbọn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn nìyí." Lẹ́yìn náà ló yára dìde, ó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́ mi léraléra, ó dá ìjókòó padà, ó kó gèlè wa, a sì lọ sílé. Nílé, ó fi omi iyọ̀ fọ ọwọ́ mi títí ó fi ń ta mí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, inú ọkọ̀ náà kò ní nǹkan kan.

Bàbá mi lọ wò ó fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé, kò jẹun. Àlàájì Lásísì wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí àwa ọmọdé lọ ṣeré, mo sì dúró sí kọ́rídọ̀ níbi tí mo ti máa ń gbọ́ orin fíìmù. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ló dàgbà pẹ̀lú mi. Àlàájì ní ẹni tó pa èèyàn nínú ọkọ̀ yẹn ti lọ, ẹni tó kú náà ti lọ, orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ báyìí, orúkọ bàbá mi ni. Bàbá mi ní ṣé kí òun lọ bá ọlọ́pàá. Àlàájì ní, "Kó o lọ sọ kí ni? Ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn kéèyàn fi ẹnu ara ẹ̀ gbé wálé. First of all, mọ ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Kó tó dìgbà náà, kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ lọ sílé. Kánsù físà wọn. Tí ọlọ́pàá bá fi mú ẹ tó jẹ́ pé orí físà ẹ ni wọ́n wà, kò sí bí wọ́n ṣe máa kúrò níbí." Màmá mi ní òun kò lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí. Nígbà náà, àwa ará ilé máa ń gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn nípa ohun tí wọ́n ń fi àjèjì tó bá rú òfin ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ọmọdé? N kò lè jókòó sí ẹ̀yìn takisí mọ́. Mo máa ń bẹ̀bẹ̀ kí n jókòó sí iwájú, bí wọn ò bá gbà, màa nàró láàrin ẹsẹ̀ màmá mi. Kàmálì, tí kò mọ nǹkan kan, máa ń sọ pé ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ dàdì, n ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Nílé, a kì í pe ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. "Nǹkan yẹn" là ń pè é. Bí bàbá mi bá pẹ́ kó tó wọlé, màmá mi á máa ka tẹ̀sùbáà láìsinmi, èmi á máa ka àtẹ̀gùn bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀, kí n fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn, èmi sì ni ẹnu rẹ̀. Bó bá ti wá gbé mi ní ilé ìwé, a ó lọ. Ọ̀dọ̀ Yusuf bhai la kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi ní kí n béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rà á. Yusuf bhai bu tíì fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó ní òun rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu bọ́dì ọkọ̀ ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, òun ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó ní, "Khalas, ó parí. Ẹ ti rà á, ó ti di tiyín." Mo tú u fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ìdí ọkọ̀.

Ọ̀gá àwọn tó ń lu bọ́dì náà jẹ́ Pathan, ẹ̀yà kan láti Pakísítánì, onírùngbọ̀n pupa, Ustad, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó wo bàbá mi, ó wo èmi ọmọ dúdú tó ń sọ Híńdì, ó sì fi òòlù sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kò mọ ọkọ̀ kankan. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìka mi ló kan àwọn ihò náà, ó fà wá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní lóòótọ́, òun ló dí wọn, òun ló sì fi awọ tuntun bo ìjókòó, kò sì sí òru kan tí òun kò ronú nípa rẹ̀. Dírẹ́bà àgbàlagbà kan ará Sudan ló gbé ọkọ̀ náà wá, Ìdírísì lorúkọ rẹ̀, ó ń gbé ní Satwa ní Dubai. Ustad kò bi í ní nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó bá béèrè ti di ẹlẹ́rìí. Ó ní kí a dákun, kí a má sọ pé òun sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń tú u, Ustad ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù léraléra. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tà fún ara wọn, wọ́n ń ta ẹ̀rù mọ́ ọn.

A lọ sí Satwa. Wọ́n ní Ìdírísì ti lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Sudan, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Bàbá mi ń lọ síbẹ̀ léraléra, ó ń bá ilẹ̀kùn tó tì pàdé. Orí ìyẹn la wà tí ọlọ́pàá fi wá sílé wa.

Ọjọ́ Sátidé ni, lọ́sàn-án gangan. Màmá mi ń dín dòdò. Kàmálì wà ní bákónì, ó ké pe ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dúró nísàlẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kí ọkọ̀. Màmá mi pa iná, ó fà á wọlé, ó sì kó àwa méjèèjì sí ilé ìwẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. A jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu Kàmálì, ó fi ìkejì di orí mi mọ́ àyà rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dé àjà tiwa, ó dúró, ó kan ilẹ̀kùn. Tiwa kọ́, ti ẹnìkejì wa ni. Ọkọ̀ ará Íjíbítì kan nísàlẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn, ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn kiri láti wá ẹni tó ni í. Bó ti mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá mi máa fi ṣí ilẹ̀kùn, aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn, dòdò ti di èédú. Ó ní, "Bàbá Yétúndé, ẹ kó wa lọ sílé. Mi ò lè ṣe é mọ́." Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni bàbá mi lọ kánsù físà wa. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ láti kúrò nílùú. Màmá mi di ẹrù, ó fún ọ̀rẹ́ mi lókè ní okùn tí mo fi ń fò, kò tilẹ̀ bi mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí a máa wọ bàálù nírọ̀lẹ́, ọmọ àdúgbò kan láti Satwa ránṣẹ́ pé àgbàlagbà náà ti dé. Bàbá mi mú mi dání, a lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Yàrá kékeré kan ni Ìdírísì ń gbé. Ó wọ aṣọ funfun gbalaja, ó tẹ́ ẹní fún wa, ó bu tíì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ fún wa, ó gbé dàbínù wá. Bàbá mi ní, "Ìyá mi, bi í jẹ́jẹ́. Má tíì dárúkọ nǹkan yẹn." Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á mọ́. Mo bi àgbàlagbà náà ní Lárúbáwá pé, "Ammo, ta ni wọ́n pa sínú ọkọ̀ dúdú?"

Ó ní ọkùnrin kan ni, ọmọ Íńdíà, ó rẹwà gan-an ni. Ó ní wọ́n yìnbọn fún un láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣubú sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ sì bo gbogbo rẹ̀, ìṣojú òun báyìí ni. Mo tú u. Bàbá mi gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ìdírísì ní ọkùnrin náà kú láàárọ̀, ó kú lọ́sàn-án, ó tún kú kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé bó ṣe ń kú kò tẹ́ ọ̀gá wọn lọ́rùn. Láàrin ikú kan sí òmíràn, ó máa ń wá jókòó ti òun, wọ́n á jọ mu tíì.

N kò tú ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá mi ní, "Kí ló sọ? Yétúndé, interpret am, kí ló sọ?" Mo ní, "Bàbá, ó ní fíìmù ni."

Àgbàlagbà náà wá dìde. Ó ní ọ̀gá òun, oníṣòwò kan tó ti kó kúrò ní Dubai, ló yá àwọn ará Íńdíà tó wá ya fíìmù ní ọkọ̀ náà. Wọ́n fi dírílì lu ilẹ̀kùn, wọ́n fi bánga kéékèèké sínú ihò rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n yìn kò ní ọta, ariwo lásán ni, èèpo rẹ̀ nìkan ló ń já bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà, ṣúgà ni wọ́n sè pẹ̀lú aró pupa nínú ìkòkò ilé ìdáná ọ̀gá òun. Ó ní kí a wò bó ṣe ń kú, ó di àyà mú, ó yí ojú, ó ṣubú lulẹ̀ lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbá dàbínù dànù. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ni kò fẹ́ rí ọkọ̀ náà mọ́ nítorí àbàwọ́n rẹ̀, ni wọ́n fi ní kó lọ tún un ṣe kó sì tà á. Ó bi wá pé ṣé Ustad kò sọ fún wa ni. Mo ní Ustad kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà ní òun rò pé Ustad ti mọ̀.

Ọdọọdún là ń pa àgbò Iléyá ní ilé wa. A mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kì í pupa, dúdú ló ń dà. Ṣúgà tí èèrà lẹ̀ mọ́ ni màmá mi fi ojú ara rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ àgbàlagbà náà mú, ó ń dúpẹ́ pé shukran, shukran. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, omi ojú náà kò sì dá. Ó ní, "Mo ti kánsù físà yín." Ìdírísì bi mí ní ohun tó sọ, mo sọ fún un. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa dàbínù ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A wọ bàálù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ní kò ní pé oṣù méjì tí òun máa fi gba físà mìíràn fún wa. Kó tó ṣe é, ọmọ onílùú tó jẹ́ onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú òwò ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ dé, bàbá mi sì di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó láti fi mú ẹbí wọ̀lú. Màmá mi ti gba ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, a ti wọ ilé ìwé. Ọkọ̀ dúdú náà dé sí Èkó láìsí wàhálà, olóyè gùn ún lọ síbi ìwúyè, ó sì dùn mọ́ ọn. Ọkọ̀ wà l'Ékòó, àwa náà wà l'Ékòó, bàbá mi nìkan ló kù sí Sharjah. Ìgbà tó fi padà wálé pátápátá, mo ti ń múra ìgbéyàwó. Ó bá mi ní géètì, ó bi mí pé ṣé Màmá Yétúndé wà nílé. Èmi Yétúndé ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ayé ìgbà náà kọ́ la wà mọ́. Èmi náà ti padà síbí, Dubai Silicon Oasis ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mi. Iyanrìn tí a ń fi takisí sáré kọjá láyé ọjọ́un ti di ilé gogoro. Búrẹ́dì, wọ́n ń gbé e wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í gbóná mọ́. Kò sọ́mọ tó ń fi ìka tọ́lẹ̀. Nínú ìsinmi tó kọjá ni mo sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún ọmọ mi Àdùkẹ́, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ìgbà náà gẹ́lẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ìlú tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Tíì mi kò tíì tutù tó fi rí i. Ọkọ̀ wa ni, imú rẹ̀ ga, fàdákà yí iná rẹ̀ ká. Ọkùnrin arẹwà náà di àyà mú, ó yí ojú, pupa sì dà sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Àdùkẹ́ ní, "Mummy, this one na ketchup now." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò jọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá ti wo fíìmù kan rí ì bá ti mọ̀.

Mo pe bàbá mi ní Abẹ́òkúta, ojú rẹ̀ sì hàn lórí fóònù. Mo sọ fún un pé mo ti rí fíìmù náà, mo ní ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní rárá. Mo ní, "Ó ń pani lẹ́rìn-ín ni, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ jọ ẹ̀jẹ̀."

"Ìyá mi," ló wí, "torí ẹ̀ gan-an ni mi ò ṣe fẹ́ wò ó."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọmọ náà, kó dìde dúró dáadáa, kí òun rí ibi tó ga dé.